Ajá Tó Ń Dúró De Àgò Yà

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 2023

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ilé, mo kí ẹ̀yìn ilé. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Òtútù ibí ò dákẹ́, ṣùgbọ́n ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ má bínú pé mo pa fóònù mọ́ yín lẹ́nu lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé tí àwa méjèèjì bá ti gbé fóònù sétí, ìjà la fi ń parí rẹ̀, pé ká máa kọ ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì sínú ìwé bí ọmọlúàbí. Òun ni mo ṣe jókòó kọ̀wé yìí.

Látìgbà tí ẹ ti sọ pé olè fo ògiri wọlé, tí wọ́n ń kó ewúrẹ́ yín lọ tí ẹ sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn láti inú yàrá, oorun mi ò já geere mọ́. Ilé tí Bàbá kọ́ sójú ọ̀nà Tápà yẹn jìnnà sáàárín ìlú. Ẹ ò gbà láti padà sí agbolé, ẹ ò sì gbà kí n wá ọlọ́dẹ fún yín. Nítorí náà mo ti ra ajá. Kì í ṣe irú èyí tó ń sùn lábẹ́ tábìlì alápatà o. Bóbọ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, Gúúsù Áfíríkà nirú rẹ̀ ti wá. Tó bá dàgbà tán, orí rẹ̀ á tó ìkòkò ọbẹ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó yín. Ọmọ kékeré ni báyìí. Malachi tó ń tọ́ ajá n'Íbàdàn ni yóò gbé e wá, á sì máa yọjú lóṣooṣù láti kọ́ òun àtẹ̀yin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún un lóúnjẹ. Malachi ní ká máa mú un rìn láàárín èèyàn nígbà tó ṣì kéré, kó lè mọ ẹni tó jẹ́ ti ilé. Mo ti ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ajá tó bá ti mọ gbogbo Igbó-Ọrà, ta ni yóò wá gbó mọ́?

Èyí tó kù yìí, mo mọ̀ pé ẹ máa bínú. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Kékeré sún mọ́ ọn. Àbúrò bàbá mi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọdẹ ni, Ògún ló ń bọ, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí Ògún ń jẹ. Mi ò fẹ́ kí ajá mi parí sójúbọ.

Ẹ bá mi kí Purity àti Japheth ọkọ rẹ̀.

Ọmọ yín,
Babáwálé

*

Igbó-Ọrà
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, 2023

Babáwálé ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ nínú òtútù tó o lọ wá fúnra rẹ. Ooru ló ń pa àwa. Orúnkún mi kì í gbọ́ràn, ṣùgbọ́n àìgbọ́ràn tirẹ̀ ò tó tìẹ. Purity ìyàwó Japheth, àwọn ará ilé kejì, ló ń bá mi ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Tó o bá rí ìka nínú rẹ̀, ìka tirẹ̀ ni.

Ajá dé. Inú páálí ni Malachi gbé e sí, ó sì ti tọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá Eruwa. Mo ti múra pé mi ò ní gbà á. Mo kàn ní kí n wo ojú rẹ̀ ni. Bó ṣe gbójú sókè wò mí, ìwọ ni mo rí, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọ́ sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo bá gbé e.

O ní ká máa pè é ní Bruno. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé wa? Àbí o ti gbàgbé pé orúkọ ajá la fi ń sọ ohun tí a ò rójú sọ fún èèyàn? Ìyá bàbá rẹ sọ tirẹ̀ ní Mójúkúrò nítorí orogún rẹ̀, tó bá ti pe ajá, orogún á wọlé lọ tìbínú-tìbínú. Èmi náà ti sọ tèmi. Ojúlọ̀rọ̀wà lajá ń jẹ́. Ẹni tí mò ń bá wí ò sí ládùúgbò, àmọ́ etí rẹ̀ á máa hó.

Mo jíṣẹ́ rẹ fún Bàbá Kékeré. Kò yẹ kí n jẹ́ ẹ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ ẹ. O mọ̀ pé látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má wọlé wá bi mí pé ṣé mo jí dáadáa. Ó wọlé, ó rí ọmọ ajá, ó lóṣòó, ó na ọwọ́ sí i kó gbóòórùn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ọmọ yín ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án." Mo sọ ìdí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyàwó, ajá tí a bá fẹ́ fún Ògún, a máa ń rà á ni. A kì í jí ti onílé." Ó dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó lọ.

Látọjọ́ náà, ojú títì ló ti ń kí mi. Kò wọ géètì mọ́. Inú mi ò dùn sí i, mo sì fẹ́ kó o mọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Àpèkẹ́

*

Leeds
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà, 2023

Màmá mi,

Ẹ kú àmójútó ajá, ọmọ yín tuntun. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo gbọ́ orúkọ náà. À ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ẹ dédé pariwo, "Ojúlọ̀rọ̀wà, kúrò níbẹ̀!" Mo mọ̀ pé èmi lẹ ní kó wá, kì í ṣe ajá lẹ ní kó kúrò. Ó dùn mí. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bo Bàbá mọ́lẹ̀. Nígbà náà ìwé ìgbélùú ni mi ò ní. Nísinsìnyí tí mo ti ní ìwé, ojú ló ń tì mí. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń wọlé tí a ti sunkún tán níbẹ̀.

Malachi fi ẹjọ́ yín sùn mí. Ó ní ẹ ò gbà kí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ajá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà fún un, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ní ti Bàbá Kékeré, ẹ jẹ́ kí ajá dàgbà ná. Màá kọ̀wé sí wọn fúnra mi.

Babáwálé yín

*

Igbó-Ọrà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2023

Babáwálé,

Mo kí ọ bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ṣe wàhálà. Ṣé ò ń jẹun? Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ yẹn, ọrùn rẹ ti gùn jù.

Wá gbọ́ ìròyìn ajá rẹ. Ó ti ga dé ìtan mi. Tí mo bá ń rìn, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ló máa ń gbà, á fara tì mí bí ẹni pé wọ́n sọ fún un. Tí mo bá ń gbàdúrà, á gbé orí ńlá yẹn lé mi lẹ́sẹ̀, kí n tó dé àmín, ẹsẹ̀ á ti kú. Mo fi ọbẹ̀ ilá dán ọ̀fun rẹ̀ wò, ó jẹ ẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó o wí, ọdún mélòó ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá tí n óò wá máa bá ajá sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé mi? Ó gbọ́ "jókòó," ó gbọ́ "ó tó." Malachi ní ohun tó ṣòro jù ni kó mọ ẹni tó yẹ kó wọlé. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò ní máa yí padà. Mo rò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Àlejò á dúró lẹ́nu géètì, á ní, "Ẹ àgò onílé o." Ajá á dìde. Tí mo bá dáhùn pé, "Àgò yà," á dùbúlẹ̀, mo sì máa ń ju ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i. Tí mi ò bá dáhùn, ẹni náà ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan wọlé.

Ohùn mi nìkan ló gbà. Japheth dán an wò, ó fi ohùn obìnrin ṣe "àgò yà" fúnra rẹ̀, ó sì wọlé. Orí igi gúrọ́fà la ti lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Malachi alára pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Olè ò wá mọ́. Àmọ́ kì í ṣe olè nìkan ni kò wá mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tó máa ń gbàdúrà ní pálọ̀ mi ti gbé e lọ ilé ẹlòmíràn. Àwọn ìbejì Purity tó máa ń wá jẹ ẹ̀wà, orí ògiri ni mo ti ń na abọ́ sí wọn. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, mi ò ní rí ẹni tí màá sọ "àgò yà" fún.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Malachi ní kò tíì pẹ́ jù láti mú ẹnì kan tàbí méjì mọ ajá, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí wọ́n máa jókòó tì í. Ó ní ó yẹ kí ẹlòmíràn wà tó lè bá a wí. Bàbá Kékeré ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ní wá nítorí ọ̀rọ̀ tèmi, ìwọ lo lé wọn. Kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n wọlé, kí n lè mú un lọ kà fún wọn. Má jẹ́ kó pẹ́. O ní wàá kọ̀wé sí wọn, mò ń wo ojú ọ̀nà.

Èmi tí mo bí ọ,
Àpèkẹ́

*

Leeds
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ kú ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi kí n tó kí yín.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo kà á. Mo ní n óò dáhùn lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní màá jókòó kọ èyí tó gùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni Kérésì fi dé. Nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ Bàbá Kékeré. Àgbàlagbà tó gbé mi pọ̀n lọ sóko, mo pè é ní olè ajá.

Ẹ bá mi ka èyí fún wọn. Bàbá Kékeré, èmi Babáwálé dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo sọ. Ẹ wọlé. Ilé yín ni, ajá yín ni.

Màmá, mo ti kọ lẹ́tà yìí dé ibí kí n tó pè yín lónìí. Fóònù yín ń dún, Purity ló gbé e. Ó ní ẹ ṣubú. Ó ní ọsibítù lẹ wà, pé egungun ìbàdí ni, pé àwọn dókítà ti rí sí i, ẹ sì ń sùn. Mo ní kó gbé fóònù fún Bàbá Kékeré, ó ní Bàbá Kékeré ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ta ló ń fún ajá lóúnjẹ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀ ná. Mo tún bi í. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Màmá ní àwọn máa kọ ọ́ fúnra wọn."

Ẹ kọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ìlà kan ṣoṣo tó. Mò ń bẹ̀rù.

Babáwálé

*

Igbó-Ọrà
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, 2024

Babáwálé ọmọ mi,

Má wo bí ìwé mi ṣe rí, orí ìbùsùn ni mo ti ń kọ ọ́. Mo wà láàyè. Mo ti padà sílé. Purity àti Japheth ló ń gbé mi dìde.

Ojúlọ̀rọ̀wà ti kú. Bàbá Kékeré ló yìnbọn fún un. Dúró, má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni, kà á parí.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo lọ wẹ̀ nínú balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Bí mo ṣe jáde, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ró ní ìbàdí mi. Ìró mi wà lórí ìṣó nínú balùwẹ̀, ọwọ́ mi ò tó o. Ajá sáré wá, ó lá mi lójú, ó sì sùn tì mí kí òtútù má baà pa mí.

Kò pẹ́ tí Japheth fi dé ẹnu géètì. "Ẹ àgò o, Màmá." Mo gbọ́ ọ. Babáwálé, ohùn wà lẹ́nu mi nígbà yẹn. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìhòòhò ni mo wà. Èmi ni mo kọ́ Japheth ní a-b-d ní kíláàsì kìíní. Mo rò ó pé kó kúkú lọ, pé tí Purity bá dé, obìnrin bíi tèmi, màá dáhùn. Ó pè títí ó rẹ̀ ẹ́, ó rò pé mo ti lọ sọ́jà, ó lọ.

Nígbà tí Purity máa fi dé, oòrùn ti wà lórí mi, ọ̀fun mi ti gbẹ. Mo la ẹnu, èémí nìkan ló jáde. Ó yọjú láti ihò géètì, ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó figbe ta. Ni èèyàn bá pé. Gbogbo wọn ń ké àgò. Àwọn kan ń sọ "àgò yà" fún ara wọn. Ajá ò tilẹ̀ yíjú sí wọn. Ẹnu mi ló ń wò. Ó ń dúró kí n sọ ọ́.

Tàófíìk ọlọ́kadà fo ògiri wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ ló kù sílẹ̀. Wọ́n bá lọ pe Bàbá Kékeré. Orí ògiri ló jókòó sí. Ó pe ajá lórúkọ, ó bẹ̀ ẹ́, ó ju ẹran sí i. Kò jẹ ẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má jẹ ẹran àlejò. Bàbá Kékeré ní, "Ìyàwó, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn." Mò ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní ojú mi ti ń yí padà. Nígbà tí ajá sáré lọ bá àwọn tó ń mi géètì ni mo gbọ́ ìbọn.

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó fi bò mí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi títí Purity fi dé.

Òun náà ló gbẹ́ ilẹ̀ fún ajá lábẹ́ igi gúrọ́fà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Wọ́n ń sọ pé ajá burú. Ajá ò burú. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́, mo sì ní in lẹ́nu nígbà tí Japheth wá, mo gbé e mì nítorí ìtìjú.

Àpèkẹ́

*

Leeds
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 2024

Màmá mi,

Mo kí yín. Mi ò mọ ìkíni wo ló yẹ.

Ẹ má gbé e sórí ara yín mọ́. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí? Ilé àwọn arúgbó ni. Tí ìyá kan bá ṣubú ní balùwẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká fi aṣọ bò ó ká tó gbé e. Mo ti fi aṣọ bo ìyá oníyàá kọjá iye tí mo lè rántí. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Tìyá mi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀ láti bò.

Ẹ ní kí n kọ ìlà kan, kí Bàbá Kékeré lè wọlé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé e sọ́wọ́. Ìbọn yẹn, ọwọ́ mi ló wà, kì í ṣe ọwọ́ wọn. Mo sọ pé wọ́n máa pa ajá mi, mo sì ṣe é títí kò fi sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe.

Malachi pè mí. Ó ní ìyá Ojúlọ̀rọ̀wà ti tún bímọ, pé òun lè mú ọ̀kan wá, pé a máa tọ́ eléyìí bó ṣe yẹ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Mo ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún. Mo ń rò ó. Ṣùgbọ́n ojú wo ni n óò fi wo Bàbá Kékeré?

Babáwálé yín

*

Igbó-Ọrà
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 2024

Babáwálé ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa. Mo ti ń fi ọ̀pá rìn dé ìdí igi gúrọ́fà, mo sì ń padà fúnra mi.

Sọ fún Malachi pé mo dúpẹ́, mi ò fẹ́ ajá. Ó lè jẹ́ lẹ́yìnwá ọ̀la. Mo ṣì ń ṣa eegun ẹja pamọ́ láìmọ̀.

Mo ka ìwé rẹ fún Bàbá Kékeré, àti èyí tó pẹ́ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àgbo ọ̀fun tí àwọn ń sè fún mi ti ń tán, àwọn máa já ewé mìíràn wá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọlé wá bi mí pé ṣé mo jí dáadáa. Nígbà tí wọ́n bọ Ògún, wọ́n sọ fún àwọn ọdẹ tó kù pé ọwọ́ àwọn ò ní kan ajá lọ́dún yìí. Ẹ̀sun iṣu àti ẹmu ni wọ́n gbé síbẹ̀. Àwọn kan kùn. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n máa kùn lọ.

O bi mí pé ojú wo lo máa fi wò wọ́n. Èyí tó o ní náà ni kó o gbé wá. Àwa náà ò ní òmíràn.

Ilé ò ní ajá, géètì kì í sì í tì mọ́ lójú ọ̀sán, àwọn ìbejì Purity ni wọ́n ń wọlé bó ṣe wù wọ́n. Tó o bá dé, má kàn wọlé bíi tiwọn. Dúró lẹ́nu géètì, kó o ké àgò. Bó ti wù kó pẹ́ tó kí n tó dìde, má lọ. Ohùn mi ti padà, màá dá ọ lóhùn.

Ìyá rẹ,
Àpèkẹ́